Ẹ Gbin Lápálápá, Ṣùgbọ́n Ẹ Ṣọ́ Ọmọ Yín!

Ní Costain, níbi tí ariwo mọ́tò kì í ti í dákẹ́, ilẹ̀ ọgbà ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé kékeré tó láti gbin lápálápá, tí àwọn mìíràn ń pè ní bọ̀tujẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le rárá. Ẹ gé ẹ̀ka kan tó gùn bí apá, ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn bàbá wa fi ń fi í ṣe ọgbà. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tí kò tíì pọ́n tán.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ á wọ́ dànù. Kí ẹnikẹ́ni má fà á tu pé ó ti kú o! Òjò ni yóò jí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, ibi tí wàhálà wà nìyí. Kóró dúdú méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń wà nínú èso rẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, òun ló ń tan ọmọdé jẹ. Májèlé ni! Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ á máa bì, á máa yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ẹ mú èso náà dání.

Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré nílé, kó máa já èso náà dànù kó tó pọ́n. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.