Oríkèé Àyípo Nínú Fíìmù Ọmọlangidi: Àpẹẹrẹ Danfó Òṣòdì

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ṣe lè ṣe fíìmù kúkúrú tí kò ní òpin. Iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, fi ọmọlangidi ṣe Kokoa ní 2001. A ó ya ère ní àwòrán kan, a ó sún un díẹ̀, a ó sì tún un yà.

Ẹ jẹ́ kí á mú danfó onípáálí tí ń yí Òṣòdì po. Bí àwòrán 12 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú-àáyá 3 gba àwòrán 36. Ìsún kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ dígírì 10.

Oríkèé ni ìṣòro wà. Àwọn kan lérò pé àwòrán ìkẹyìn gbọ́dọ̀ bá àkọ́kọ́ dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ojú yóò rí ipò kan lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ yóò sì ta gìrì. Ìsún kan ni ó gbọ́dọ̀ kù.

Bákan náà, èrò tó bá wọkọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí àyípo tó parí. Bí kò bá sọ̀, yóò pòórá lójijì ní oríkèé. Nítorí náà, àyípo kò lè sọ ìtàn ẹni tó dé Ìsọlọ̀. Ti ọkọ̀ tí kò sinmi ni ó lè sọ.