Ta Ló Lè Lé Ọ Kúrò Nílùú? Ẹjọ́ Eléko

Láti Òkókómáíkò la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tòní nìyí: bí ìjọba bá ní kó o kó ẹrù rẹ kúrò nílùú, ṣé o lè bi wọ́n pé, "Òfin wo?"

Ní 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ Ọba Èṣùgbàyí Eléko lóyè, wọ́n sì gbé e kúrò l'Ékòó lọ sí Ọ̀yọ́. Òfin tí wọ́n dì mú ní Gómìnà lè lé olóyè tí wọ́n bá ti rọ̀ lóyè, bí àṣà ìlú bá ní kó kúrò níbẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ọba ní, "Ẹ wá fi hàn ní kóòtù pé àṣà ìlú sọ bẹ́ẹ̀." Ìjọba ní ọ̀rọ̀ Gómìnà ti tó.

Kóòtù ilé kò gbọ́ tiwọn. Herbert Macaulay àti àwọn ará Èkó kò sinmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ti ń parí. Ní 1928, wọ́n ní bí adájọ́ kan bá kọ ẹ̀bẹ̀ ẹni tí wọ́n dá dúró, ó lè lọ bá adájọ́ mìíràn. Ní 1931, Lord Atkin ní aláṣẹ kankan ò lè fọwọ́ kan òmìnira ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àfi tó bá lè fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin gbà á láàyè. Ọdún yẹn náà ni Eléko padà wọ Èkó. Ó wàjà ní 1932.

Ẹ wá wo títì Badagry tó gba iwájú wa yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀pọ̀ ará Ghana gba títì yìí lọ sí Sẹ̀mẹ̀, pẹ̀lú báàgì tá a wá sọ ní Ghana-Must-Go. Ọdún mẹ́fà ni Eléko fi bá ìjọba ṣẹjọ́. Ta ló lè ṣe é láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá?

Lónìí, abala 41 òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní a kò gbọ́dọ̀ lé ọmọ Nàìjíríà kúrò ní Nàìjíríà. Àmọ́ abala 35, tó dáàbò bo òmìnira, gbogbo ènìyàn ló dárúkọ, kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà nìkan. Abala 46 sì ní kí ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú lọ sí ilé ẹjọ́ gíga.

Nítorí náà, bí wọ́n bá wá mú ará Tógò tẹ́ ẹ jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, ẹ má kàn dúró máa wòran. Ẹ bi wọ́n: òfin wo? Kóòtù wo? Ẹ bá a wá agbẹjọ́rò kí ilẹ̀ tó ṣú.