Ibi Tí Ó Yẹ Kí A Sùn Bí A Bá Lọ Wo Ìje Mọ́tò ní Naivasha

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó fẹ́ lọ wo ìje mọ́tò Safari Rally ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Owó ọkọ̀ òfurufú àti aṣọ tí wọn yóò wọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò. Ibi tí wọn yóò fi orí lé ní alẹ́ ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Yàrá tí a bá sùn lè sọ ìgbádùn di àìsàn, ó sì lè gba ẹ̀mí pàápàá.

Ìje yìí kì í ṣe ti àná. Ọdún 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ládé. Ó wọ inú ìdíje àgbáyé ní 1973, ó kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ti ọdún 2002, ó sì padà sínú rẹ̀ ní 2021. Láti ìgbà náà ni agbègbè Naivasha ti di ojúkò rẹ̀. Etí adágún omi ńlá kan ni ìlú náà wà, ní nǹkan bí kìlómítà 90 sí Nairobi. Inú oko àti orí ilẹ̀ eléruku ni àwọn mọ́tò ti ń sáré, nítorí náà kí ẹni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n má ṣe retí ìrọ̀rùn ìlú ńlá.

Ohun kan wà tí ará Èkó tàbí Ìbàdàn kò ní tètè fura sí. Ilẹ̀ Naivasha ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní ohun tí ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000. Ọ̀sán lè gbóná, ṣùgbọ́n òru a máa tutù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti ilé wa lọ. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, súwẹ́tà àti kúbùsù tó nípọn ti tó. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, yàtọ̀. Òtútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn ni wọ́n máa ń ru ìrora egungun sókè. Mo bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí dókítà bá sì gbà, ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sínú àgọ́ aláṣọ. Yàrá tí ó ní ògiri, tí ó ní omi gbígbóná, tí kò sì jìnnà sí ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà fún un.

Òtútù yìí kan náà ni ó ń fa ewu mìíràn tí ó burú jọjọ. Ààrò èédú pọ̀ ní Kẹ́ńyà. Jiko ni wọ́n ń pè é. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí òtútù sì mú, àwọn kan a gbé e wọ yàrá tàbí àgọ́, wọn a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ẹ má ṣe é láé! Èédú tí ń jó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Yóò gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó ti sùn kò sì ní mọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Bí orí bá ń fọ́ ẹ̀yin tí ẹ jọ wà nínú yàrá, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì sì ń gbé yín, ẹ jáde síta kíákíá, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ẹ̀rọ tí ń fi gáàsì gbé omi kaná nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé kò yàtọ̀ sí èyí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo oríṣìí ibùwọ̀ tí ó wà.

Èkínní ni kí a wọ̀ sí Nairobi. Ilé ìtura àti ọsibítù ńlá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ìje ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sùn sí Nairobi yóò jí ní òru, yóò sì gba ojú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kùrukùru ń bò, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì kún. Awakọ̀ tí kò sùn dáadáa léwu bí ọ̀mùtí.

Èkejì ni àárín ìlú Naivasha. Oògùn àti ilé ìwòsàn wà nítòsí, èyí sì dára fún àgbàlagbà àti aboyún. Ariwo ni àléébù rẹ̀, nítorí orin àti àríyá kì í tán bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìje. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi oorun ṣeré. Kí ó béèrè yàrá ẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹta ni àgọ́ àti ilé ìtura etí adágún. Ibẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n erinmi ń gbé inú omi náà. Erinmi kì í dọdẹ ènìyàn jẹ, síbẹ̀ ó ń pa ènìyàn. Òru ni ó máa ń gòkè wá jẹ koríko. Nítorí náà, ibi tí wọ́n fi wáyà iná mọ̀nàmọ́ná ṣọgbà yí ká, tí ilé ìgbẹ́ sì wà nínú yàrá, ni kí ẹ yàn. Ẹ má ṣe gba ibi tí ẹ ó ti la pápá kọjá lóru kí ẹ tó tọ̀. Adágún náà ti kún sí i láti ọdún díẹ̀ wá, ó sì ti bo ilé mìíràn mọ́lẹ̀. Ẹ béèrè bí omi bá ń wọ àgbàlá.

Kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí. Ṣé àwọ̀n ẹ̀fọn wà lórí ibùsùn? Láti ọdún 2024, oṣù kẹta ni ìje náà ń bọ́ sí, tí òjò ńlá wọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọn oníbà sì lè wà níbẹ̀ láìka gíga ilẹ̀ sí. Ọmọ yín tí ó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní agbára ibà bíi tiyín mọ́. Kí ó gba oògùn ìdènà lọ́wọ́ dókítà kí ó tó gbéra. Ṣé omi mímu wà nínú ìgò? Ṣé omi àti ọṣẹ wà nítòsí ṣáláńgá? Ṣé fíríìjì wà fún abẹ́rẹ́ ínsúlínì ti alátọ̀gbẹ? Báwo ni ilé náà ti jìnnà tó sí ojú ọ̀nà ìje? Eruku ibẹ̀ lẹ́bú bí èlùbọ́, ó sì lè ru ikọ́ fée sókè. Àpò ẹ̀wù ni kí oògùn àfàsímú máa wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ àpótí.

Ẹ má gbàgbé àjẹsára ibà pọ́njú. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó dé Kẹ́ńyà ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì mú yẹ́lò káàdì yín dání.

Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ dín ọjọ́ kù. Ẹ má ṣe dín ààbò kù. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kí ọ̀nà ó là, kí àlàáfíà ó jẹ́ tiwa gbogbo o.