Ṣé o mọ̀? Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù

Ṣé o mọ̀ pé ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Disẹ́ńbà, oòrùn máa ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́? Ará Ìsàlẹ̀ Èkó tó bá wà níbẹ̀ á rí i pé àkókò ìrun Alásárì àti Mọ̀gàríbì sún mọ́ra gidigidi. Ẹni tí kò bá wo aago, Alásárì á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bó o bá fẹ́ lọ síbẹ̀, mọ̀ pé owó bàálù láti Èkó kì í tètè wálẹ̀ lẹ́yìn Kérésì. Àwọn ọmọ wa tó wálé ṣọdún ló ń padà ní ìbẹ̀rẹ̀ January. Ìparí oṣù náà wọ February ló máa ń dẹ̀rọ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni kó o lọ wo orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní British Museum láti 1939. Àgbàlá Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti wú u jáde ní 1938. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ rí i.

Bó o bá ń ra oúnjẹ ní ọjà Sandgrouse l'Ékòó láti gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, fi ẹran sílẹ̀: òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba èrò láyè láti gbé e wọlé láti Nàìjíríà.