Ọjà Àpòmù àti Àwọn Obìnrin Òwu

Ìkòyí mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ọ̀kan wà ní Èkó; ọ̀kan ni Ìkòyí Ilé, ìlú Oníkòyí tí a mọ̀ mọ́ ogun; ẹ̀kẹta sì wà nítòsí Àpòmù àti Ìkirè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ kàn. Arìnrìn-àjò tí ó ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Ifẹ̀ yóò gba àgbègbè yìí kọjá. Bí ó bá tilẹ̀ dúró, dòdò Ìkirè ni yóò rà, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àgbègbè kékeré yìí gan-an ni ogun kan ti rú jáde ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí ó pa ìlú ńlá kan rẹ́. Láti inú ogun náà ni òǹkọ̀wé Yorùbá kan sì ti rí ohun tí ó fi sọ eré àwọn Gíríìkì àtijọ́ di tiwa.

Láyé ìgbà náà, abẹ́ Ifẹ̀ ni Àpòmù wà. Ọjà rẹ̀ ni oríta tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ibi tí owó bá pọ̀ sí ni olè ń lọ: àwọn gbọ́mọgbọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í jí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ gbé níbẹ̀, wọ́n sì ń tà wọ́n lẹ́rú. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó kọ parí ní 1897, ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, sọ pé àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kí ó fi òpin sí ìwà yìí. Olówu kò fi ẹnu lásán dá a dúró; ogun ni ó kó lọ bá àwọn ìlú Ifẹ̀, ó sì pa Àpòmù run. Ifẹ̀ fẹ́ gbẹ̀san, ṣùgbọ́n Òwu lé wọn padà. Lẹ́yìn èyí ni ìjà mìíràn ṣẹlẹ̀ ní ọjà Àpòmù kan náà, láàrin ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú, lórí iye atare tí wọ́n rà tí wọ́n tà. Atare lásán! Ìjẹ̀bú dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé sì bá wọn lọ. Wọ́n dó ti Òwu fún ọdún púpọ̀. Ìbọn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú, idà ni Òwu gbójú lé. Síbẹ̀, ebi ni ó ṣẹ́ Òwu ju ìbọn lọ. Nígbà tí ìlú náà fọ́, ní ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1820, àwọn aṣẹ́gun pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un kọ́ mọ́.

Ìtàn dárúkọ àwọn balógun, ó ka ọdún, ó sọ̀rọ̀ odi àti ti ìbọn. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ni bí ilẹ̀ ṣe mọ́ bá àwọn obìnrin Òwu lọ́jọ́ kejì. Ibi tí ìtàn ti dákẹ́ yìí ni Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wa tí yóò tọ àwọn Gíríìkì lọ. Ọlá Rótìmí ti sọ ìtàn Ọba Oedipus di ìtàn Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀ ní 1968, Wọlé Ṣóyínká sì ti tún The Bacchae ti Euripides kọ fún ilé eré kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1973. Ọ̀ṣọ́fisan, tí a bí ní 1946, tí ó sì pẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n, ni ilé eré Chipping Norton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ pé kí ó fi eré Euripides mìíràn dá àrà. Eré náà ni The Trojan Women. Women of Owu ni ó pe tirẹ̀. Wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, a sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 2006.

Ó yẹ kí a mọ irú ènìyàn tí Euripides jẹ́. Ọmọ ìlú Athens ni. Ní ọdún 415 ṣáájú ìbí Jésù ni ó gbé eré yìí síwájú àwọn ará ìlú rẹ̀. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí àwọn ará Athens kan náà ṣẹ́gun erékùṣù Melos, tí wọ́n pa àwọn ọkùnrin ibẹ̀, tí wọ́n sì sọ àwọn obìnrin àti ọmọdé di ẹrú. Euripides kò dárúkọ Melos. Troy, ìlú tí àwọn baba ńlá wọn ti pa run tipẹ́tipẹ́, ni ó fi sọ̀rọ̀, ó sì mú kí àwọn aṣẹ́gun jókòó gbọ́ ẹkún àwọn tí a ṣẹ́gun. Ipò kejì ni ó gbà nínú ìdíje ọdún náà. Kò yani lẹ́nu.

Ọ̀ṣọ́fisan kò kàn pa orúkọ dà. Lóòótọ́, ipò Hecuba, ayaba Troy, ni Ẹrẹlú Ààfin wà. Òrìṣàyè ni ó rọ́pò Cassandra tí ń ríran. Adúmáadán ni ìyá tí wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti pa, kí ó má baà dàgbà di ẹni tí yóò gbẹ̀san. Ìyùnlóyè arẹwà, ìyàwó Máyẹ̀ Ọ̀kúnadé, ni Helen tí ọ̀rọ̀ ogun rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn Gíríìkì ti ní ẹgbẹ́ elégbè, àwọn obìnrin tí a kó lẹ́rú ni wọ́n ń dárò níhìn-ín gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń dárò nílẹ̀ wa: orin, ijó àti ẹkún wọnú ara wọn débi pé ẹni tí ó bá ka eré náà lórí ìwé nìkan kò tíì rí ìdajì rẹ̀. Dípò àwọn òrìṣà Gíríìkì, Aǹlúgbùà, baba ńlá Òwu tí ó ti di òrìṣà, ni ó yọ sí wọn. Ó pẹ́ kí ó tó dé. Ìlú ti run kí ó tó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ohun kan wà nínú eré yìí tí ó wúwo ju gbogbo àrà wọ̀nyí lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ọ̀ṣọ́fisan. Ẹ̀rúnwọ̀n ni wọ́n ti bí i. Àwọn ènìyàn tirẹ̀ wà lára àwọn tí ó dó ti Òwu. Bí Euripides ṣe ṣe sí Athens ni òun náà ṣe sí Ìjẹ̀bú. Síbẹ̀ kò sọ Òwu di aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Làwúmí, ìyá Aǹlúgbùà, kẹ̀yìn sí ìlú ọmọ rẹ̀ nítorí ohun tí Òwu ṣe ní Àpòmù. Àwọn aṣẹ́gun ní tiwọn ń wí pé ìdáǹdè ni àwọn mú wá. Àwọn tí ó wo eré náà ní 2004, nígbà tí ogun Ìráàkì kò tíì pé ọdún méjì, ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn obìnrin náà mọ̀ pé ọjà Àpòmù ni wọ́n ń bá jà sí.

Níbi ìparí ni òǹkọ̀wé méjèèjì ti pínyà. Lọ́dọ̀ Euripides, wọ́n da Hecuba àti àwọn obìnrin yòókù lọ sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn tí ó ṣẹ́gun wọn. Ẹrẹlú Ààfin kò bá ẹnikẹ́ni lọ sóko ẹrú. Nínú ijó ìdágbére tí àwọn obìnrin ń jó fún àwọn òkú wọn ni ó ṣubú, ó sì kú sí ilẹ̀ Òwu.