Ohun Tí Í Fa Ilé Iṣẹ́ Wá sí Àgbègbè

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín a máa bi wá léèrè ìdí tí ilé iṣẹ́ ńlá fi ń kóra jọ sí àgbègbè kan, tí kò sì sí ẹyọ kan ní òmíràn. Kì í ṣe ọ̀ràn oríire lásán. Ẹ jẹ́ kí a wo Ewékorò.

Ní ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí ṣe sìmẹ́ńtì. Òkúta ẹfun wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Òkúta yìí wúwo púpọ̀. Bí a bá ń rù ú lọ sí ọ̀nà jíjìn, owó ọkọ̀ ni yóò jẹ èrè tán. Nítorí náà ni ilé iṣẹ́ ṣe tọ òkúta lọ. Ṣùgbọ́n òkúta nìkan kò tó. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà fi owó sí i. UAC àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fi owó àti ìmọ̀ sí i. Ní ọdún 1978, wọ́n tún dá òmíràn sílẹ̀ ní Ṣàgámù. Ẹ má sì gbàgbé pé èrè orí kòkó àwọn bàbá yín wà lára owó tí ìjọba ìgbà náà fi ń dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ fi ara jọ òkúta yìí. Ó wúwo, omi sì ni ó ju ìdajì rẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a bá hú u, ó ti ń bàjẹ́. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ gàrí tàbí ti sítáàṣì kò gbọdọ̀ jìnnà sí oko. Agbára yín nìyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti hú u tán kí ẹ tó dúnàádúrà, iye tí oníbàárà bá pè ni ẹ óò gbà.

Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí ẹ lè fi ohùn kan bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀.

2. Ẹ kọ iye owó àti ìwọ̀n ẹrù sínú ìwé kí ẹ tó gbìn.

3. Ẹ pín oko yín sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì gbìn ín tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ̀rọ má baà dúró láìrí ẹ̀gẹ́ lọ̀.

4. Ẹ má hú ẹ̀gẹ́ títí ẹ óò fi mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀.

5. Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba fún àtúnṣe ọ̀nà oko.

Ìjọba lè la ọ̀nà, ilé iṣẹ́ sì lè gbé ẹ̀rọ wá. Bí ẹ̀gẹ́ kò bá dé ní àsìkò, ẹ̀rọ náà yóò kó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rí i.