Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Àyẹ̀wò Ìdè Inú Àwòrán FreeCAD

Nínú FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà fún yíya àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìdè ni òfin tí ó de ìlà mọ́ ipò tàbí ìwọ̀n rẹ̀, irú bíi kí ó dúró ṣánṣán tàbí kí ó gùn ní mílímítà 40. Ìlà tí kò ní ìdè ní ọ̀nà 4 tí ó lè gbà yẹ̀, nítorí pé ìkángun rẹ̀ méjèèjì lè lọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sókè-sódò. Òbìrìkìtì ní ọ̀nà 3. Bí ìdè bá ti dí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, àwòrán náà á di aláwọ̀ ewé. Bí ìdè bá pọ̀ jù, ètò náà máa ń tọ́ka sí èyí tí ó ta ko òmíràn, kí ayàwòrán lè yọ ọ́ kúrò.